Ẹni Tó Tẹ̀ka Fún Morufat

Mẹgáádì ló kọ́kọ́ ba Sàdíátù lẹ́rù. Kò tíì dárúkọ ara rẹ̀, kò tíì sọ ohun tó bá wá, bàbá náà ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyá Morufat, ẹ kú oríire o! Ẹ máa gòkè, wọ́n ń retí yín."

Sàdíátù bojú wẹ̀yìn, bóyá Ìyá Morufat mìíràn ló ń bọ̀. Kò rí ẹnì kankan. Àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ni, oòrùn ti tàn sí Tinúbú, àwọn akọ̀wé báńkì ń sáré lọ síbi iṣẹ́ tàwọn ti táì lọ́rùn, kò sì sí èyí tó wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ò dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí rí láyé òun.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé èmi ni Ìyá Morufat?"

"Wọ́n ti júwe yín fún mi. Wọ́n ní obìnrin kan ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, á fi sálúbàtà rẹ̀ sábẹ́ abíyá, á wá dúró síta bí ẹni tó fẹ́ padà sílé. Wọ́n ní kí n tètè pè é wọlé kó tó yíjú."

Sálúbàtà wà lábẹ́ abíyá Sàdíátù lóòótọ́. Ìdúmọ̀tà ló ti já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó sì ti ń múra láti yíjú padà, nítorí irọ́ ló gbé wá, irọ́ ò sì mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ fún yín. Morufat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ṣe ìdánwò sí ilé-ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Ìmọ́lẹ̀. Ilé-ìwé onígbàgbọ́ ni, òkè odò lọ́hùn-ún ló wà, ibẹ̀ làwọn ọmọ ń gbé, tí wọ́n ń sùn, tí ọmọ Gánà, ọmọ Íńdíà, ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ Ìjẹ̀bú jọ ń jẹun lórí tábìlì kan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tinúbú yìí ni wọ́n ti ń rí àwọn òbí tó wà l'Ékòó. Morufat ṣe ipò kìíní. Wọ́n ní ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló máa tọ́jú rẹ̀ títí táá fi jáde. Ẹ ò bá rí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àdúgbò wọn, lọ́jọ́ náà! Àwọn tí kò tíì kí Sàdíátù láti ọdún Iléyá tó kọjá ń wá kí i kú oríire.

Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ, tàbí ọkùnrin tó dúró fún un nínú ẹbí, gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Á jókòó, wọn á sọ ohun tí ilé-ìwé dúró lé fún un, á bèèrè tinú rẹ̀, kó tó fọwọ́ síwèé. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá pariwo lọ́la pé wọ́n jí ọmọ òun gbé fún Jésù. Jímọ́ọ̀ yìí ni ìparí.

Bàbá Morufat, Mọ̀núrù télọ̀, ti wà ní itẹ́ òkú láti ọdún méje. Àbúdù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, télọ̀ bíi tirẹ̀, ló kù tó lè fọwọ́ síwèé, Àbúdù sì ti fárígá.

"Ìyàwó, o ò wí 're," ohun tó sọ fún Sàdíátù nìyẹn. "Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní Fátíhà kó tó mọ ení, èjì, òun lo fẹ́ kó lọ máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì? Bí Mọ̀núrù bá wà láyé, ṣé á gbà?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló gún Sàdíátù lọ́kàn jù. Kò lè sọ pé á gbà, kò lè sọ pé kò ní gbà. Kò mọ̀ ni. Ọkọ tó fẹ́ràn ju ara rẹ̀ lọ ni, kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló máa dalẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó lọ tán. Síbẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó wá dìde láàárọ̀ yẹn, ó ní òun á lọ sọ fún wọn pé ara Àbúdù kò yá, pé ó ní kóun bá a tẹ̀ka.

Ó gun àtẹ̀gùn. Bó ṣe wọ yàrá òkè, òórùn kan kọlù ú nímú: òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tútù. Fáànù ló ń yí lókè, fáìlì ló kún orí tábìlì, kò sí aṣọ, kò sí èédú. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Mísísì Ìbídùn, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, dìde fún un. Obìnrin abojú-bí-ìyá ni, gíláàsì ojú rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀ sórí imú.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ jókòó. Àga yẹn gan-an ni Bàbá Morufat jókòó sí lánàá."

"Bàbá ta ni, mà?"

"Bàbá Morufat. Ọkọ yín kẹ̀!" Mísísì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó dùn-ún bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n o. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti kí wa ní salámù. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ọjọ́ ti pẹ́, n ò tíì rí òbí tó bèèrè ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Sàdíátù rọra jókòó sí ṣónṣó àga. "Kí... kí ni wọ́n bèèrè?"

"Wọ́n ní kí la fẹ́ fi ọmọ àwọn ṣe. Mo ní orí, ọkàn àti ọwọ́ la ń kọ́ níbi tiwa. Ọmọ tó mọ ìwé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́, kò tíì mọ̀wé. Ọmọ mínísítà ń fọ abọ́, ọmọ mẹgáádì ń fọ abọ́, bí wọ́n bá sì jà, àwọn méjèèjì ló máa jọ roko. Wọ́n ní èyí dáa. Wọ́n wá bèèrè kírun. N ò parọ́ fún wọn, mà. Mo ní àràárọ̀ la máa ń kọrin, tí a ń ka Bíbélì, gbogbo ọmọ ló sì ń jókòó gbọ́ ọ. Àmọ́ ọmọ Mùsùlùmí ní yàrá tó ti lè kírun, a máa ń fi oúnjẹ sààrì pa mọ́ dè é nígbà ààwẹ̀, a kì í sì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà."

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n di ojú wọn. Mo tiẹ̀ rò pé wọ́n ti sùn, àmọ́ n ò gbọ́ mímí wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, 'Kò burú. Etí tó gbọ́ orúkọ Ọlọ́run kì í di.' Mo wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, mo ní ní Sátidé, tọkùnrin tobìnrin ló ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, káfíńtà, oko, aṣọ rírán. Háà! Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látàárọ̀ nìyẹn!'"

"Báwo... ẹ jọ̀ọ́, mà, báwo ni wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín?"

Mísísì wò ó, bí ẹni pé ìbéèrè náà ṣàjèjì sí i. "Bí ẹni tó ń húkọ́ ni. Wọ́n tiẹ̀ di orí tábìlì mú."

Sàdíátù mọ ẹ̀rín náà. Ọdún mẹ́jọ ló fi sùn tì í.

Mísísì ṣí fáìlì, ó nawọ́ ìwé sí i. Àtàǹpàkò kan wà nísàlẹ̀, ó ṣì tutù bíi pé ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ilà kan sì là á láàárín gbọọrọ, níbi tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì ti gún Mọ̀núrù ní kékeré. Sàdíátù fẹ́ la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé, "Mà, ọkùnrin yìí ti kú." Bó bá sọ ọ́, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí kò bá sọ ọ́, ṣé ó ti parọ́? Irọ́ tó gbé wá látilé ti sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, òótọ́ ló wá kù tó ń dá a lágara.

"Ẹ ṣé, mà," ó wí níkẹyìn. "Ọkọ mi ni. Òun gan-an ni."

"Wọ́n ní kí n fún yín lókùn yìí. Wọ́n ní ti yunifọ́ọ̀mù ni."

Òwú funfun ni, kókó wà lára rẹ̀ lóríṣiríṣi.

Bí Sàdíátù ṣe dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kò yé e. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré. Ó bá Àbúdù ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń múra àtilọ sí mọ́ṣáláṣí, ó sì gbé okùn náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Àbúdù àti Mọ̀núrù ò mọ̀wé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ará Ìjẹ̀bú kan ni wọ́n ti jọ kọ́ṣẹ́, okùn ni ọ̀gá náà sì fi kọ́ wọn níwọ̀n: oníbàárà kan, okùn kan, kókó èjìká, kókó àyà, kókó ìbàdí, títí dé gígùn ẹsẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Mọ̀núrù, kókó tirẹ̀ máa ń yí sódì, kò sí télọ̀ mìíràn l'Ékòó tó ń ta á bẹ́ẹ̀. Òfin ọ̀gá wọn sì ni pé bí télọ̀ bá kú, kí wọ́n tú gbogbo kókó rẹ̀, kí òkú má baà di ìwọ̀n alààyè mú lọ. Àbúdù fúnra rẹ̀ ló jókòó ní ọjọ́ kẹjọ, tó ń tú u, tó ń sunkún.

Ó wá yí okùn náà lọ́wọ́ báyìí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyàwó, níbo lo ti rí i? Mo tú gbogbo wọn! Ọ̀kan ò kù!"

Sàdíátù sọ fún un, látorí mẹgáádì dórí àtàǹpàkò. Àbúdù kò gbà. Ó ní wọ́n ti gba orí rẹ̀ lọ, pé okùn àtijọ́ ló rí gbé níbì kan. Ó pariwo pe Morufat wá látẹ̀yìnkùlé. Ọmọ dé, Àbúdù na okùn sí èjìká rẹ̀: ó bá a mu. Ó nà á sí àyà: ó bá a mu. Ìbàdí, apá, gígùn, kò fi ìka kan lé, kò fi ìka kan dín. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Morufat nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Àbúdù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti agbádá funfun. "Lá ìláhà ìllaláhù," ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mọ̀núrù! Alágídí ọmọ! O ò jẹ́ kí n ṣe ẹ̀gbọ́n fún ẹ láyé, ikú náà ò tún jẹ́ o gbọ́ràn!"

Ó dé láti Jímọ́ọ̀, ó gé aṣọ. Ọjọ́ Àìkú ni Morufat wọ yunifọ́ọ̀mù bọ́ sí ojúde, aṣọ búlúù, kọ́là funfun. Ta ni kò ní yọ̀? Àwọn ìyálé ilé ṣùrù bò ó, wọ́n ń jó, wọ́n ń fi etí aṣọ wọn nù ún lójú. Àbúdù ń rìn kiri bíi pé òun ló ṣe ìdánwò, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé wọ́n á kọ́ ọmọ àwọn ní oko, wọ́n á kọ́ ọ ní aṣọ rírán, wọ́n á sì fi sààrì pa mọ́ dè é.

Ọ̀sán pọ́n, èrò túká. Sàdíátù bu ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀, ó jókòó tì í. Morufat kò tètè jẹun. Ó fọwọ́ pa kọ́là aṣọ rẹ̀.

"Ìyá mi, bàbá yẹn ní bí aṣọ náà bá ti bá mi mu, mo lè wá sọ fún yín."

"Bàbá wo?"

"Bàbá tó wọ̀n mí ní ọjà Jankara, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rán mi ní òwú. Ó kúnlẹ̀ kó lè dé èjìká mi. Ọwọ́ òsì ló fi ń so kókó okùn. Mo fẹ́ sá, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń gbóná, ẹ̀rù ò wá bà mí mọ́."

Sàdíátù di etí abọ́ mú. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tutù nínú oòrùn ọ̀sán. "Ṣé... ṣé ó bèèrè mi?"

"Ó bi mí pé ṣé ẹ ṣì máa ń dúró kí n jẹun yó kẹ́ ẹ tó jẹ èyí tí mo bá ṣẹ́kù."

Ọdún méje ni Sàdíátù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kan. Ó rò pé ọmọ ò mọ̀.

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní kí n sọ fún yín pé wọ́n á máa bọ́ mi yó níbi tí mò ń lọ. Ó ní kẹ́ ẹ máa bu tiyín kó kún."

Sàdíátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó ń ṣe. Ó dìde, ó mú abọ́ mìíràn, ó bu ìrẹsì sí i, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó fi ẹja odidi kan sí i. Ó jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, ó ní "Bísímílááhì," ó sì jẹun tó yó.