Èémí Lára Gíláàsì

Kò sẹ́ni tó sùn nínú yàrá ẹ̀yìn láti ìgbà tí Maude ìyàwó mi ti kú nínú oṣù kẹsàn-án. Síbẹ̀, ní àràárọ̀ ni èémí ń bo gíláàsì fèrèsé rẹ̀ láti inú.

Ọ̀mu Maude, ewé tó gbìn fún ẹwà ilé, nìkan ló wà níbẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀. Ní Duluth tiwa yìí, ìlú olótùútù, ẹni tó bá fi irú ewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níta títí yìnyín fi dé, ó ti pa á nìyẹn. Mo gbé e wọlé, mo gé èyí tó gbẹ lára rẹ̀, mo dín ooru yàrá kù, mo sì ń bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

"Máa mí sí i lára," Maude máa ń wí. "Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń pa á ju òtútù lọ."

Ọ̀mu àwọn aládùúgbò ń wọ́wé. Tiwa ń yọ ewé tuntun.

Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Funfun lásán ni mò ń rí lára gíláàsì, ṣùgbọ́n mo gbà pé mo mọ ẹni tó ń mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: "Maude, ṣé o jí dáadáa?" Lọ́jọ́ kan tí òtútù mú kọjá àlà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Má dá wà níbí mọ́. Máa bọ̀ ní yàrá wa."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì mi ti tutù bí omi adágún.

Lọ́jọ́ Sunday, Verna, ẹ̀gbọ́n Maude, gbé oúnjẹ wá. Ó wọlé lọ wo ọ̀mu. Ó gbójú sókè wo fèrèsé.

"Eskil, ta ló ń gun àga níbí?"

"Kò sẹ́ni, ẹ̀gbọ́n. Maude ló ń mí síbẹ̀."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú, ó nà án sókè títí èjìká fi ń ro mí. Ìka mi kan ọ̀rinrin èémí lára gíláàsì, lókè pátápátá, nítòsí àjà.

"Àbúrò mi ò ga ju èjìká mi lọ," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta lo ń kí?"

Kí n tó dáhùn, bẹ́ẹ̀dì mi ké lódìkejì ògiri, bí ìgbà tí ẹni wíwúwo bá ń dìde jókòó.

"Má pè é mọ́ o," ni Verna wí. Ó ti ń wọ́ mi lọ sẹ́nu ọ̀nà.

A ò mú ẹ̀wù òtútù. Yìnyín mù wá dé orúnkún kí n tó gbọ́ ọ lẹ́yìn wa: ẹnìkan rọra ti ilẹ̀kùn ilé mi láti inú, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.