‘Wọ́n Ti Jáde’: Ta Ló Jáde?

Gáàsì ti tán ní ilé gáàsì tí Ọ̀gá Ògúnkúnlé ń bójú tó ní Ajah. Àwọn oníbàárà kún ẹnu géètì pẹ̀lú sílíńdà òfìfo. Oòrùn ń jó. Ọkọ̀ tó gbé gáàsì tuntun wá ti wà nínú ọgbà, awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì tún táǹkì ńlá ṣe tán.

Bàbá Tìjání àti Shamsudeen ọmọ rẹ̀ wà nínú táǹkì náà, wọ́n ń ha ibi tó ti dípẹtà. Jàmíù ló dúró sí ẹnu táǹkì láti máa ṣọ́ wọn.

“Ọ̀gá, ẹ̀wà mi ò tíì jinná tí gáàsì fi kú lábẹ́ ẹ̀!” Àǹtí Mọ́nsúrátù, tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ló ń pariwo. “Ṣé kí n lọ fi oòrùn sè é ni?”

Ọ̀rọ̀ náà sú Ògúnkúnlé. “Jàmíù! Wá bá mi dá àwọn èèyàn yìí dúró!”

Jàmíù wo ẹnu táǹkì, ó wo ọ̀gá rẹ̀. “Ọ̀gá, àwọn tó wà nínú...”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́? Mo ní o máa bọ̀!”

Jàmíù lọ. Ẹnu géètì ló wà tó fi rí Bàbá Tìjání tó jáde, tó mú búútà, tó ń lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsárì.

Kò pẹ́ tí Ògúnkúnlé fi pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gáàsì. “Ṣé wọ́n ti jáde?”

Jẹnẹrétọ̀ ń ké. “Wọ́n ti jáde, sà!” Jàmíù dáhùn láti ẹnu géètì.

“Lọ ti ìdérí!”

Jàmíù gun àkàbà, ó yọjú wo inú táǹkì. Oòrùn ti kọ sí i lójú, dúdú nìkan ló rí. Ìkangun lọ́hùn-ún ni Shamsudeen wà, ó bo imú, ó bo etí, ó ń ha irin. Jàmíù fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá sọ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣì ń ta á létí. Ó ní bóyá Shamsu ti jáde nígbà tí òun wà ní géètì. Ó dé ìdérí, ó fi sípánà fún un pinpin.

Wọ́n ti so páìpù ọkọ̀ mọ́ táǹkì. Ògúnkúnlé ti na ọwọ́ sí fáàfù kí gáàsì máa wọlé, nígbà tí Bàbá Tìjání ti ibi ìrun dé.

“Shamsu dà?”

Ògúnkúnlé yíjú. “Ẹ̀yin méjèèjì kọ́ lẹ jáde ni?”

“Èmi nìkan ni! Ìrun ni mo lọ kí. Ọmọ mi wà nínú ibẹ̀!”

Wọ́n sáré tú ìdérí náà. Shamsudeen yọ orí jáde, òógùn bò ó. “Ta ló ti nǹkan mọ́ mi lórí?” Bàbá rẹ̀ fà á jáde, ó dì mọ́ ọn.

Ògúnkúnlé kọjú sí Jàmíù. “Di ẹrù ẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ẹ ṣọ́ra. Mo kọ ọ́ sára ògiri, ẹ ṣọ́ra! Aláìbìkítà ni ọ́.”

Ní ọjọ́ kejì, Moyinolúwa, tó ń mójú tó ààbò fún iléeṣẹ́ náà, dé láti ọ́fíìsì wọn ní Oniru. Ó bá Jàmíù pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ní kó wọlé, ó sì pe Ògúnkúnlé àti Bàbá Tìjání sọ́dọ̀.

“Ọ̀gá, kí lẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀?”

“Mo ní ṣé wọ́n ti jáde.”

“Jàmíù, ta lo pè ní ‘wọ́n’?”

“Bàbá Tìjání ni, mà. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n jáde.”

“Ọ̀gá, ta lẹ̀yin ń bi í?”

“Àwọn méjèèjì! Ta ni ò mọ ìyẹn?”

“Jàmíù ni ò mọ̀ ọ́n. Àbí ẹ fẹ́ kó ní ‘ó ti jáde’ fún ẹni tó bí irú ẹ̀?”

“Kó dán an wò,” Bàbá Tìjání ní. “Màá fọ́ ọ létí.”

Ògúnkúnlé pòṣé. “Moyin, ẹjọ́ gírámà kọ́ lèyí. Kó máa lọ.”

“Tó bá lọ, ṣé ọ̀rọ̀ ‘wọ́n’ á bá a lọ? Ẹni tí ẹ bá gbà lọ́la, Yorùbá yìí náà ló máa sọ. Ó ti sú mi, Ọ̀gá. Gbogbo ibi tí mo bá dé, ‘ẹ ṣọ́ra’ ló wà lára ògiri. Ta ló pe ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu táǹkì kúrò níbẹ̀?”

Moyinolúwa kọjú sí Jàmíù.

“Jàmíù, ìgbà wo lo ti wà lẹ́nu iṣẹ́?”

“Láti ìjẹta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi títí di àná, mà. Ẹni tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ mi ò wá.”

“Kí ló dé tó ò béèrè Shamsu?”

Jàmíù wolẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí Ọ̀gá tún ní mo fẹ́ kọ́ àwọn níṣẹ́.”

Ògúnkúnlé wo ọwọ́ tó nà sí fáàfù lánàá. Bí Bàbá Tìjání bá ti jókòó ka tẹ̀súbáà díẹ̀ sí i ńkọ́?

“Gbé báàgì ẹ wọlé,” ó sọ fún Jàmíù. Ó yíjú sí Moyinolúwa. “Kí la máa ṣe?”

“Kò sí ‘wọ́n’ mọ́ lẹ́nu táǹkì. Orúkọ là á pè: Bàbá Tìjání, Shamsudeen. Kí kálukú fi ẹnu ara ẹ̀ dáhùn. Ẹni tó bá ń wọlé, kó fi àgádágodo tiẹ̀ ti fáàfù, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹ̀. Tí àgádágodo kan bá ṣì wà níbẹ̀, èèyàn ṣì wà nínú. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu táǹkì ò sì gbọdọ̀ kúrò, bó jẹ́ ọba ló pè é.”

“Àwọn oníbàárà ńkọ́?”

“Kí wọ́n bú wa. Èébú kì í pani.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí gáàsì, epo tàbí kẹ́míkà, ẹ gbọ́. Èèyàn ni òṣìṣẹ́. Á rẹ̀ ẹ́, á ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, á bẹ̀rù ọ̀gá. Ẹ má fi ‘ẹ ṣọ́ra’ nìkan dáàbò bò ó. Ẹ ṣètò iṣẹ́ kí àṣìṣe ẹnì kan má di ikú ẹlòmíràn, kí ẹni tó ti rẹ̀ sì lọ sinmi. Bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, ẹ wádìí ohun tó fà á kí ẹ tó wá ẹni tí ẹ máa lé. Ìwọ òṣìṣẹ́, bí kò bá dá ọ lójú, dá iṣẹ́ dúró, béèrè. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má jágbe mọ́ ẹni tó béèrè.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu táǹkì, ẹ pe orúkọ.