Súìṣì Kẹrin Ọkọ̀ Ìbídùn

Ká!

Ìró yẹn kò tíì kúrò létí Làmídì. Ó ti darúgbó sí ìlú òtútù, ṣùgbọ́n bí nǹkan kékeré kan bá ti dún ká nínú ilé, bóyá ìdérí ìgò ni, bóyá kọ́kọ́rọ́ ni, ọkàn rẹ̀ á ti dé Okokomaiko, létí títì Badagry, ní nǹkan bí ọdún 1988, nígbà tó ń ṣe rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀.

Píkọ́ọ̀pù funfun kan ló yà wá sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó retí pé ọkùnrin ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ rí, nínú bàtà rọ́bà tí ìyẹ̀fun ti sọ di funfun. Ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá, bíi pé òun nìkan ni ọyẹ́ bá jà lọ́dún yẹn.

"Rewáyà, ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ iná."

"Iná wo? Méjì kọ́ ni mo rí níwájú yẹn?"

"Ìyẹn fún ojú títì ni. Èmi ń já búrẹ́dì nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mo fẹ́ ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí kálukú ní súìṣì tirẹ̀."

Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Sájẹ́ntì Adégbọlá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Igbó-Elérin. Ìbídùn ló ń wa búrẹ́dì náà lọ sọ́jà inú Cantonment àwọn ṣọ́jà ní ìdájí.

Làmídì gbé àga fún un, kò jókòó. Ó dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń bèèrè.

"Kí ni dúdú onígun mẹ́rin yìí?"

"Rílè. Iná ńlá a máa fa agbára púpọ̀. Bó bá gba inú súìṣì kọjá tààrà, súìṣì á jó. Rílè ló ń bá a ru ẹrù yẹn. Súìṣì kàn ń rán an níṣẹ́ ni."

"Alárenà ni, ẹ wí bẹ́ẹ̀."

Làmídì rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ sípánà nù.

Nígbà tí Ìbídùn padà wá gbé ọkọ̀, súìṣì mẹ́rin ló bá.

"Mẹ́ta ni mo ní kí ẹ ṣe. Kí ni ìkẹrin ń ṣe?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ká! Nǹkan dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ó dún, kò tàn!"

"Ọjọ́ tí ẹ bá mọ ohun tó ń ṣe, ẹ wá sọ fún mi."

Ara Ìbídùn ò gbà á. Ní ìdájí gbogbo, bó bá ti kan àtíbàbà náà, á tẹ súìṣì kẹrin. Làmídì á ti kírun tán, á ti jókòó síta, á juwọ́ sí i. Nígbà míì Ìbídùn á dúró, á na búrẹ́dì gbígbóná sí i.

"Ṣé fáànù ni?"

"Rárá."

"Àbí o kàn fi ń gbà mí lọ́kàn ni?"

"Máa wá a lọ, ọlọ́fìn-íntótó."

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí "Rewáyà" fi di "Rewáyà mi".

Ohun tí Ìbídùn ò mọ̀ ni pé iná aláwọ̀ ewé kékeré kan wà lẹ́yìn àwọ̀n irin imú ọkọ̀, níbi tí awakọ̀ ò lè rí. Iná tíńńtín bẹ́ẹ̀ ò nílò rílè. Làmídì kàn fi í síbẹ̀ kí Ìbídùn lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ ni. Ọkùnrin tí kò lè la ẹnu sọ pé òun fẹ́ràn obìnrin ti ṣètò kí obìnrin náà máa ṣẹ́jú sí òun láràárọ̀ láìmọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu géètì Cantonment.

"Madam, who you dey signal?" ni ṣọ́jà bi í.

Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí iná ewé tó ń tàn nímú ọkọ̀. Wọ́n já gbogbo búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n yẹ ọkọ̀ wò tinú tẹ̀yìn, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ kó wá jẹ́rìí ọmọ rẹ̀. Oòrùn ti mú kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ.

Ọ̀dọ̀ Làmídì ló wa ọkọ̀ wá tààrà.

"Yọ ọ́."

"Ìbídùn, jọ̀ọ́, gbọ́…"

"Gbogbo títì mọ̀ pé mò ń ṣẹ́jú sí ọ, àfi èmi! Ká ní o bi mí ni, Làmídì, bóyá ǹ bá ti fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. O fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

Ó yọ ọ́. Ihò kan kù sí dáṣíbọ́ọ̀dù bí ojú eyín tó ká.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ funfun ń kọjá láìdúró. Làmídì ṣì ń jókòó síta, búrẹ́dì tó ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíì kì í sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé tíṣà kan láti Iba ti ń wá jókòó ní pálọ̀ Sájẹ́ntì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí Ìbídùn, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ Iléyá, ó forí lé Igbó-Elérin. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìwọ ni oníná ewé," ni Sájẹ́ntì wí.

"Èmi ni, sà."

"Ìmàle ni ọ́, aláṣọ funfun ni wá. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Àgbà á jókòó sọ ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé o rán ọmọ mi níṣẹ́, o ò jẹ́ kó mọ iṣẹ́ tó ń jẹ́."

"Mo wá tọrọ gáfárà, sà."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ó wà ní yàrá yẹn, ó ní òun ò fẹ́ rí ọ. Ó sọ fún mi pé alárenà kan wà nínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ rílè. Ó dáa, èmi ni rílè lónìí. La ẹnu, kí o rán mi."

Làmídì wo ẹnu yàrá. Nísàlẹ̀ kọ́tìnì, ó rí bàtà rọ́bà tí ìyẹ̀fun ti sọ di funfun.

Iṣẹ́ tó rán lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀, tó gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnì, mọ̀ ọ́n lórí títí dòní. Bí inú rẹ̀ bá dùn, a máa fi sín in jẹ, tòun ti ohùn tó ń gbọ̀n:

"Ẹ bá mi sọ fún Ìbídùn, sà, pé súìṣì kẹrin wà lápò mi. Iná méjì ni mo fẹ́ so mọ́ ọn báyìí, ọ̀kan ní imú ọkọ̀, ọ̀kan níwájú ojú rẹ̀. Ohun tí yóò máa sọ ni pé Làmídì fẹ́ràn Ìbídùn, ó sì fẹ́ fi í ṣaya. Bí òun náà bá fẹ́ kó máa sọ bẹ́ẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá fẹ́, màá bá a dí ihò yẹn, màá sì máa juwọ́ sí i láràárọ̀ náà ni."