Ọkọ̀ Alumíníọ̀mù Bàbá Boma

Etí omi Amadi-Ama ni Sàláwù ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Boma, lọ́dún 1969, nígbà ogun abẹ́lé. Ó ń fi agolo gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ alumíníọ̀mù tí bàbá rẹ̀ fi ń kó èrò lọ sí Okrika. Gbogbo bó ṣe ń gbọ́n ọn tó, ọkọ̀ náà ò fúyẹ́.

Wẹ́dà ni Sàláwù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí Boma jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó tú pákó ìsàlẹ̀, ó rí i pé fóòmù tó yẹ kó máa gbé ọkọ̀ léfòó ti mumi yó bíi búrẹ́dì inú tíì.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ ló ń lọ. Ó ha fóòmù náà dànù, ó gé fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ sínú àpótí, ó tò ó sábẹ́ ìjókòó. Ó lu ihò sára àwọn irin tó dábùú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí omi lè máa ṣàn lọ sẹ́yìn, níbi tó ṣe ojú ihò olómorí sí fún dída omi nù. Boma ń bá a di irin mú. Pijin ni wọ́n ń sọ, àmọ́ kò pẹ́ tí Boma fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá pe "olólùfẹ́ mi". Òun náà ló sì kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.

Inú bàbá Boma, Dagogo, ò dùn. Ogun ti pa Solomon, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ó sọ fún Sàláwù pé tó bá ti parí iṣẹ́, kó má padà wá mọ́, torí àjòjì tó bá fẹ́ Boma yóò mú un lọ ni.

Sàláwù mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá parí ni òun máa pàdánù Boma. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà falẹ̀. Ó parí rẹ̀ dáadáa, ó sì lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Lásìkò òjò, ìjì ká Dagogo àti Boma mọ́ àárín omi. Ìgbì bu omi kún ọkọ̀ dé etí, ṣùgbọ́n fóòmù tí Sàláwù tò síbẹ̀ kò jẹ́ kó rì. Wọ́n rọ̀ mọ́ ọn títí àwọn apẹja fi wá gbé wọn.

Dagogo fúnra rẹ̀ ló wá Sàláwù lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe wẹ́dà.

"Ọmọ mi," ó ní, "ogun gba Solomon lọ́wọ́ mi. Omi ì bá gba èyí náà. Fẹ́ ẹ. Àmọ́ má mú un lọ síbi tí mi ò ti ní máa gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Papa, ibí la máa gbé."

Ìdáhùn yẹn ló bí ìyá Sàláwù nínú. Ó ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé bí ọmọ òun bá fẹ́ Kristẹni, tó tún kọ̀ tí kò wálé, òun ò ní yọjú síbi ìgbéyàwó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Sàláwù sunkún.

Nígbà tí ogun parí, lọ́dún 1970, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ilé Dagogo. Àga tí wọ́n tò sílẹ̀ fún ìyá ọkọ ṣófo, ẹnì kan sì fẹ́ gbé e fún àlejò tó wà ní ìdúró. Boma gbé ọwọ́ lé àga náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Àga màmá mi ni."

Sàláwù di ọwọ́ rẹ̀ mú.