Ojú Tí Kò Ní Omijé

Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni nọ́ọ̀sì fi há Ìyá Àgbà lábẹ́ ìpéǹpéjú, ó ní kí ó dijú, kí ó má sì mira. Ṣubúọlá jókòó tì í lórí àga gbọọrọ, ó ń wo bí bébà náà ṣe yọ sóde lójú ìyá bàbá rẹ̀. Kì í ṣe Ìyá Àgbà nìkan ni wọ́n ṣe báyìí fún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bébà ti bàbá aránṣọ kan tó wá láti Ṣógúnlé rin díẹ̀. Ti obìnrin tó jókòó tẹ̀lé e rin gbindingbindin. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fa ti Ìyá Àgbà yọ, ó gbẹ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde nínú páálí.

Ọdún 1962 ni, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì. Dókítà Adéṣígbìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, gbé bébà náà sókè, ó wò ó dáadáa.

"Ìyá, omi kò sí lójú yín mọ́," ni ó wí. "Ọjọ́ ogbó ni, àti èéfín gààrí tí ẹ ti ń dín láti ìgbà èwe yín. Òun ló ń jẹ́ kí ó máa ṣe yín bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ ń sunkún, omijé kò ní jáde."

Ìyá Àgbà gbé orí sókè. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Dókítà rò pé kò gbọ́ dáadáa ni, ó sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n Ṣubúọlá mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ ojú gbígbẹ náà ní agboolé wọn ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí ibà pa Ògúnlànà, bàbá Ṣubúọlá, gbogbo ilé sunkún títí ohùn fi há. Ìyá tó bí i jókòó ti òkú, ó ń mi síwá sẹ́yìn, ó ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan kò bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Fàtáì, ìyàwó ilé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. "Ìyá wo ló ń sin ọmọ tí ojú rẹ̀ gbẹ báyìí? Ẹni tó bá mọ ohun tó pa ọmọ kì í sunkún ọmọ."

Láti ìgbà náà ni àwọn abiyamọ ilé kò ti jẹ́ kí ọmọ wọn gba gààrí lọ́wọ́ Ìyá Àgbà mọ́. Ìyá Ṣubúọlá fúnra rẹ̀ kó ẹrù, ó lọ fẹ́ ọkọ mìíràn ní Agége. Ṣubúọlá ló kù. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ni kò bi ìyá náà léèrè rí ìdí tí kò fi sunkún.

Dókítà ní oògùn tuntun kan tó fẹ́ dán wò. Kò sọ pé yóò wo ojú gbígbẹ sàn. Ó ní yóò máa rin ojú náà ni, kí ara lè tu ẹni tó ni ín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìgò kékeré kan. Ṣubúọlá ni yóò máa kán ti Ìyá Àgbà, nítorí náà òun ni Nọ́ọ̀sì Ọmọ́níkẹ́ pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ojú ọ̀tún nìkan o, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Má kán an sí ti òsì, kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì. Má jẹ́ kí ẹnu ohun tí o fi ń kán an kan ojú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ìyá lò ó. Bí ojú bá pọ́n, tàbí tó bá ń dùn wọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà wá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ojú ọ̀tún Ìyá Àgbà fi ń là pẹ̀sẹ̀ nínú atẹ́gùn ọyẹ́, tí ti òsì ṣì ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. "Ó ń yọ̀ bí omi ilá," ni ó máa ń sọ bí Ṣubúọlá bá kán an tán, "ó sì tutù. Ojú ọ̀tún mi ti di ọmọge, ti òsì ló ṣì ń ṣe arúgbó." Ó wá ń jókòó síta lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó kí i tí kò gbọ́ ọ: "Dókítà ní omi ló gbẹ lójú mi o. Àìsàn ni." Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Fàtáì ní kí wọ́n má tíì yọ̀. "Tó bá jẹ́ àìsàn ni, oògùn á ràn án. Tí kò bá ràn án ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká rí òpin rẹ̀."

Orúkọ rere Ìyá Àgbà ló wà nínú ìgò kékeré yẹn, Ṣubúọlá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún tí yóò jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Mọ́dà, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ọdún náà. Ìdánwò ti dé tán, èéfín àtùpà sì ń ta á lójú bó bá ń kàwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kán ẹyọ kan sójú ara rẹ̀. Ara tù ú. Lọ́jọ́ kejì, Bánkẹ́, ọmọ akọ̀wé tí gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì wọn máa ń tẹ̀ lé, tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lo fi sójú tó ń dán báyìí?"

Ṣubúọlá sọ fún un.

"Mú un wá lọ́la, kí o kán fún mi."

"Ti ìyá mi àgbà ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ . . ."

"Wọ́n ní, wọ́n ní! Ẹ̀kán kan ni mo ní, mi ò ní kí o gbé ìgò fún mi. Àbí o ti di ahun ni?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó di pé bí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, àwọn ọmọbìnrin a tò sẹ́yìn kíláàsì, wọn a gbójú sókè bí òròmọdìẹ tó ń mumi, Ṣubúọlá a sì máa kán an fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀kan nínú wọn pọ́n, ó sì ń ṣe ipin. Ẹnu ohun tí ó fi ń kán an kan ojú ọmọ náà. Ó fi yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ nù ún, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ má tètè bínú sí i. Ọmọ ilé àjẹ́ ni wọ́n ti ń pè é láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó ń bá a jókòó. Nísinsìnyí, wọ́n ń pè é ní Dókítà Ṣubú, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Ìgò ń fà sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá sì lọ fún àyẹ̀wò ní Òṣòdì, nọ́ọ̀sì máa ń gbé e sókè láti wo ibi tó kù dé. Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò kù díẹ̀, Ṣubúọlá lọ sídìí àmù tó wà lẹ́yìnkùlé, ó bu omi, ó fi kún un. Omi náà mọ́ gaara. Ta ni yóò mọ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kán an sójú Ìyá Àgbà. Ìyá náà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú.

"Ṣé oògùn yẹn náà nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Ó dáa."

Kò pẹ́ tí ojú náà fi pọ́n. "Ó ń ta mí, Ṣubú," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ẹ ní sùúrù, mà. Oògùn tó bá máa jẹ́ máa ń ta."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Ó rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ sí Òṣòdì, wọ́n á béèrè ìgò, àṣírí á tú. Ó ní kó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó tún ní kó di ọ̀la. Àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kò lè la ojú náà mọ́, tí ẹyinjú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ, ni wọ́n tó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí Òṣòdì. Dókítà wò ó, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ títí. Ojú náà fọ́.

Dókítà Adéṣígbìn gbà pé oògùn òun ló fọ́ ọ. Ó dá ìdánwò oògùn náà dúró, ó sì gba gbogbo ìgò padà. Bàbá aránṣọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ó tó ọmọ rẹ̀. "Dókítà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi ń rí ojú abẹ́rẹ́." Síbẹ̀, Dókítà gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣubúọlá wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ń gé, èyí tó ṣẹ̀ sì ń wò wọ́n.

Nílé, Ìyá Fàtáì kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo sọ bẹ́ẹ̀, àbí mi ò sọ ọ́? Oògùn tó ń ran gbogbo ayé, ojú ìyá yìí ló wá fọ́! Ṣé ẹ ti wá gbà báyìí?" Àwọn tó ti ń kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà tún padà sẹ́yìn. Ẹnì kan da gààrí tí ìyá náà fi ránṣẹ́ sí wọn sórí ààtàn ní ojú rẹ̀ kan tó kù.

Ṣubúọlá rí i. Ó wọ yàrá, ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ìyá Àgbà. "Ìyá Àgbà, omi ni. Omi àmù ni mo bù sínú ìgò. Mo ti kán oògùn náà tán fún àwọn ọmọ ilé ìwé wa."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Àgbà wí.

Ṣubúọlá gbójú sókè.

"Oògùn yẹn máa ń yọ̀ bí omi ilá. Èyí tí o kán lọ́jọ́ náà kò yọ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, mà?"

"Gbogbo ilé yìí ló gbà pé èmi ni mo pa bàbá rẹ. Ìwọ nìkan ni kò gbà. Tí mo bá bá ọ jà, tí ìwọ náà bá kó ẹrù lọ bá ìyá rẹ, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀?"

Kò sí ìyà kan tí wọ́n lè fi jẹ Ṣubúọlá tí ì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó jáde síta, níbi tí àwọn obìnrin ilé ti ń dáná alẹ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá Fàtáì rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí? Ìyá ẹ àgbà ló rán ẹ."

"Èmi ni mo fọ́ ọ lójú, mà. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí ló bu omi náà."

Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan kò gbà á, wọn kò sì gbà á títí dòní. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí tó ti fọ́ sílẹ̀ nínú àgbàlá náà kò ṣé kó mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá rìn lọ sí Òṣòdì. Dókítà kò pariwo mọ́ ọn. "Oògùn náà lè padà sọ́wọ́ àwọn tó kù," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ, kò sóhun tí mo lè fi dípò rẹ̀. Ká ní o wá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pọ́n ni, bóyá ì bá ti bọ́ sípò." Bàbá aránṣọ gba ìgò rẹ̀ padà. Nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti yẹ ojú gbogbo àwọn ọmọbìnrin náà wò, láti ọjọ́ yẹn ni Bánkẹ́ kò sì ti bá Ṣubúọlá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege, kò sì rí ẹni bá a yọ̀ àfi ìyá olójú kan.

Ohun tó kọ́ kò sí nínú ìwé kankan tó kà: pé oògùn ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí a fi ń wá ọ̀rẹ́, àti pé àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ lè ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n èyí tí a bá ń sún di ọ̀la, ẹlòmíràn ló máa ń san gbèsè rẹ̀ fún ni.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́níkẹ́ fún wọn ní ìgò tuntun fún ojú òsì. Ṣubúọlá ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kán an. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè. "Ìwọ ni kí o kán an."

Ṣubúọlá kán an, oògùn náà pọ̀ jù, ó sì ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà. Ìyá Fàtáì tó ń kọjá lọ dúró lójijì, ó ń wo omi náà.

"Oògùn ni," ni Ìyá Àgbà sọ fún un. "Kì í ṣe omijé. Èmi kì í purọ́."

Nígbà náà ni Ṣubúọlá bú sẹ́kún, tí kò sì lè dá a dúró. Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó wá ojú ọmọ náà kàn, ó sì fi ìka kan omi tó ń dà níbẹ̀.

"Tìrẹ ṣì pọ̀," ni ó wí. "Bá mi sun ẹkún bàbá rẹ mọ́ ọn."