Ọ̀wẹ̀ Àna ní Forestville

Obìnrin kan pa ojú dé. Ó fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, ó sì dúró gbọnin. Ọ̀gìnnìtìn òwúrọ̀ Sátidé náà ń gé èèyàn lára bí abẹ. Èéfín funfun ń yọ lẹ́nu obìnrin náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Ó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́.

Láńre dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ ní District Heights, ní Maryland, ike omi ìfọjú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbàgbé ibi tó ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, oorun ti kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́. Oorun náà sá lọ. Gbogbo ìgbà tó ti ń tẹ́tí sí àyà aláìsàn, kò tíì rí ẹni tó gbọ́ nǹkan báyìí rí, àfi ìyá ìyá rẹ̀ lábúlé, l'Ókè-Ògùn, tí í gbé etí lé ikùn aboyún tí í sì sọ pé, "Ọmọ yìí ti jí."

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Obìnrin náà la ojú. "Ẹ ṣé. Ṣé ìran lẹ wá wò, àbí ọkọ̀ yín ni kò yá?"

"Ọkọ̀ mi yá. Èmi gan-an ni ara mi ò fẹ́ yá mọ́ báyìí."

"Ẹ má wulẹ̀ wọlé. Wọn ò ta òògùn yẹn ní ṣọ́ọ̀bù yìí." Yorùbá rẹ̀ já gaara, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ń yí díẹ̀, bíi ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Èyíwùnmí lorúkọ rẹ̀. Ó gba yàrá kan ní College Park, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì ibẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Akínlọ́lá, wa takisí títí ó fi fẹ̀yìn tì sí Forestville, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá náà lọmọ sì dàgbà sí. Àgbà ní bí ẹsẹ̀ bá mọ ọ̀nà, ojú a máa tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ Láńre ti mọ ọ̀nà College Park.

Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé tíì gbígbóná wá fún un nínú fíláàsì. Èyíwùnmí á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, á máa kọ́ ọ.

"Nọ́ọ̀sì mi, ilé olójúlé mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì yìí. Púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣáná nínú ojúlé tirẹ̀. Kọ́ìlì tó gbé e lórí ló ń rán iná sí i. Bí ojúlé kan bá kọ iná, gbogbo ilé á mì."

"Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá púlọ́ọ̀gì ló jẹ̀bi tàbí kọ́ìlì?"

"Bí ẹran bá ń sọnù nínú ọbẹ̀, tí ọmọ méjì ń gbé inú ilé, kí lẹ máa ń ṣe lábúlé yín?"

"A máa na àwọn méjèèjì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. "Àwa kì í nà wọ́n. A máa ní kí ọ̀kan lọ sùn nílé kejì. Bí ẹran bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù níbẹ̀, a ti mú un."

Láńre wo ìka rẹ̀ tí epo kùn dúdú, ó wo bí wọ́n ṣe ń lọ láàárín irin láìwò. Ẹnu yà á. Ó ń bẹ̀rù, ẹ̀rù tó dùn, irú èyí tó ń ba ọmọdé tó kọ́kọ́ rí òkun.

Nígbà tó yá, ó lọ sí Forestville lọ fojú han bàbá. Bàbá Akínlọ́lá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Ọ̀gbẹ́ni, iṣẹ́ yín yìí, ó ń gbé ọkùnrin kúrò nílé lálẹ́. Ọmọ mi kan ṣoṣo nìyí. Mo fẹ́ rí ọwọ́ tó ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kọ ebè fún bàbá ìyá mi kí wọ́n tó fún un níyàwó. Èmi náà ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna mi, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Kò sí oko iṣu ní Maryland. Ṣùgbọ́n mọ́tò mi fẹ́ púlọ́ọ̀gì tuntun."

"Màá ṣe é, Bàbá."

"Ìwọ nìkan. Èyíwùnmí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Dádì, n ò tiẹ̀ ní lè na sípánà sí i?"

"Ìyá rẹ ò bá mi gbé ọkọ́."

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé, Láńre dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa. Ó tú kọ́ìlì, ó yọ púlọ́ọ̀gì àtijọ́, ó tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Bàbá jókòó sórí àga, ó ń wò ó. Èyíwùnmí fara ti ìlẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá kí wọ́n má bàa rú òfin.

Ojúlé kẹta ló wà nígbà tí Ìyá Ràbíátù jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá ni, Ìbàdàn ló ti wá kí wọn, ó wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra, ó gbé àwo dùndú lọ́wọ́. Kí ló kù fún ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé? Láńre na gbalaja sórí kọnkéré, tòun ti púlọ́ọ̀gì tuntun lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù."

Ó dìde, ó nu púlọ́ọ̀gì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó rọra dè é wọlé. Ó parí ìkẹrin. Ó wọlé sọ́kọ̀, ó ṣíná.

Mọ́tò náà jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà dì mú. Iná aláwọ̀ ìyeyè ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Láńre tètè pa á.

"Kí o tó dé," ni Bàbá wí pẹ̀lẹ́, "kì í gbọ̀n."

Èébú ì bá sàn ju ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn lọ. Bàbá dìde.

"Kó irinṣẹ́ rẹ, ọ̀gbẹ́ni. Ẹni tó ba ebè jẹ́, a kì í fi ọ̀nà àká hàn án."

Láńre mọ̀ pé bí òun bá gbé ẹsẹ̀ kúrò níwájú ilé yìí, òun ti pàdánù Èyíwùnmí nìyẹn. "Bàbá, ẹ ní ẹ fẹ́ ọwọ́ tó ń parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí n wá ìdí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Èyíwùnmí ní, "Dádì, ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ ò ní kí n má sọ̀rọ̀."

"Má sọ̀rọ̀ náà."

Bàbá jókòó padà. Láńre gba ìyẹn bí àyè.

Ó so ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àìsàn ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ní ojúlé kẹta ni kò ṣáná. Ó tẹ ẹnu wáyà kọ́ìlì ibẹ̀, bóyá kò wọlé tán. Ó ti wọlé. Ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ó gbé kọ́ìlì kẹta sí ojúlé kejì, ó gbé ti kejì sí ìkẹta, ó pa àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ rẹ́, ó ṣíná. Ó ń gbọ̀n síbẹ̀, ojúlé kẹta náà sì ni. Kọ́ìlì kò jẹ̀bi.

Ó tún dúró kó tutù. Ó wá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì bákan náà. Ó ṣíná, ó wo ojú ẹ̀rọ.

Àìsàn ti kó lọ sí ojúlé kejì.

Láńre pa á, ó dúró kó tutù. Ó yọ púlọ́ọ̀gì náà, ó gbé e sójú oòrùn, ó ń yí i. Lára ọrùn rẹ̀ tó funfun bí eyín ọmọdé, ó rí ìlà kan, tín-ínrín bí irun ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí, tó dúdú díẹ̀ níbi tí iná ti ń sá jáde. Ó wò ó títí. Gbogbo irin ńlá yìí, tó lè gbé ìdílé kan lọ sókè òkun bó bá rí títì, ìlà tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló mì ín tìtì. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Bàbá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó ti là. Ẹni tó tà á fún ọ ló rẹ́ ọ jẹ, àbí?"

Ìlẹ̀kùn àwáwí ṣí gbayawu fún Láńre. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan péré, á bọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rántí kọnkéré tó tutù, ó rántí bí irin ṣe gbá ilẹ̀ nígbà tó dọ̀bálẹ̀. Èyíwùnmí ń wò ó láti ẹnu ìlẹ̀kùn.

"Rárá, Bàbá. Ó pé nínú páálí. Èmi ni mo fọ́ ọ."

"Báwo?"

Ìyá Ràbíátù wà nítòsí, ó ń jẹ dùndú. Ta ni yóò dúró níwájú àgbà kó ní ìkíni òun ló ba iṣẹ́ jẹ́? "Mo fi gbálẹ̀ ni, sà. Mi ò kíyè sí i."

Ìyá Ràbíátù gbé àwo sílẹ̀. "Akínlọ́lá." Òun nìkan ló ń pe bàbá lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Maryland. "Èmi ló ń kí. Nǹkan dún ṣán lórí ilẹ̀, mo rò pé aago ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó mọ̀, kò kàn fẹ́ dárúkọ mi sí i ni."

Bàbá gba púlọ́ọ̀gì náà. Ó gbé e sójú oòrùn, ó pẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, mi ò rí púlọ́ọ̀gì tí ìdọ̀bálẹ̀ fọ́ rí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ti àtijọ́ tí Láńre tò sílẹ̀. "Fi èyí sí i ná, kó gbé wa dé ṣọ́ọ̀bù."

Láńre dè é, ó ṣíná. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé ó ti kú ni?" ni Ìyá Ràbíátù béèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Mà."

Ìyá náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọlọ́run tóbi," ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sì gbé ọwọ́ kúrò bọ̀rọ̀.

Bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n fi iwájú sílẹ̀ fún Èyíwùnmí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin tí o ní ó wà ní Suitland," ni Bàbá wí, "bí a bá ti ra púlọ́ọ̀gì tán, gbé wa lọ síbẹ̀. Èmi ò ní sọ̀kalẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin kì í kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn. Màá jókòó sínú mọ́tò mi. Ìwọ ni kí o wọlé, kí o sọ fún un pé kó kó àwọn èèyàn yín wá bá mi."

Láńre wọ jíà. Ó gbé ọkọ̀ náà bọ́ sí títì, ó ń lọ wọ̀ọ́, bí omi tó ń ṣàn lórí iyanrìn. Wọ́n dúró níbi iná pupa. Èyíwùnmí na ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ó gbé e lé ti Láńre tó dúdú fún epo.

"Ọwọ́ mi dọ̀tí, olólùfẹ́ mi."

"Mo rí i." Kò gbé e kúrò. Ó ki ìka rẹ̀ sáàárín tirẹ̀, níṣojú bàbá rẹ̀, títí epo fi kùn ún dé ọrùn ọwọ́.

Láńre wò ó. Ó gbàgbé títì, ó gbàgbé ọkọ̀, ó gbàgbé àwọn àgbà méjì tó wà lẹ́yìn.

Bàbá Akínlọ́lá wú ikọ́.

"Àna mi," ló wí, "iná ti di àwọ̀ ewé. Máa gbé wa lọ."