Ilẹ̀kùn Apá Òsì

Ní ẹnu géètì, ilẹ̀kùn apá òsì ọkọ̀ náà tì gbọn-in, síbẹ̀ iná pupa kékeré tó wà níwájú Nerida Quaife ń sọ pé ó ṣí sílẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí; nítorí náà, ó na ọwọ́ kọjá ìjókòó èrò tó ṣófo, ó ti ilẹ̀kùn náà síta, ó sì fi agbára fà á padà. Irin bọ́ sínú irin. Iná kò kú. Nerida sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí géètì, ó wa ọkọ̀ kọjá, ó sì padà lọ tì í, nítorí pé ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sin àgùntàn, bí o bá ṣe bá géètì ni o gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Nígbà tó fi padà jókòó, iná náà ti kú.

"O ṣeun," ni ó sọ sí apá òsì, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Kò sí ẹni tó mọ Nerida tó lè sọ pé ó gba iwin gbọ́. Kó tó fẹ́ Clem, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ohun tí kò bá sì ṣeé dán wò kì í pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó ti dán èyí náà wò. Ó ti wa ọkọ̀ náà lórí òkúta tó ń gbọn eyín ẹni pọ̀. Ó ti gbé e sínú oòrùn tó ń ta bí ata. Ó ti da omi sí ìkọ́ ilẹ̀kùn náà. Iná kò tàn. Ẹnu géètì nìkan ni ó ti ń tàn, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òtútù tí wọ́n sin Clem.

Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá lọ kí Nerida má gbọ́ ohùn ènìyàn kan, àfi ti rédíò. Bí iná náà bá tàn, á dà bí ẹni pé ẹnìkan bá a sọ̀ kalẹ̀; bí ó bá kú, á dà bí ẹni pé ẹni náà ti bá a padà wọlé. Ìdí nìyí tí kò fi gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé, ó bá bátìrì tó ti kú fin-ín. Ó fi ti katakata jí ọkọ̀ náà, ó sì forí lé ìlú.

Stavros, mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ ilé wọn ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ti ki orí bọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn òsì kí wọ́n tó kí ara wọn tán.

"Obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni? Wo sẹ́ńsọ̀ yìí. Òun ló yẹ kó máa sọ fún ọkọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì. Eruku ti jẹ ẹ́ tán! Tó bá ń parọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí, ọkọ̀ ò ní sùn. Á kàn máa mu bátìrì bí ọtí ọ̀fẹ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o wá ń gbé e lọ wo omi tí àgùntàn ń mu nínú ooru yìí, níbi tí fóònù ò ti ṣiṣẹ́? Tó bá kú sọ́hùn-ún, ta ló máa mọ̀? Àwọn àgùntàn? Ibòji ni wọ́n máa wá sábẹ́ ẹ, ọ̀rẹ́ mi."

Nerida kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn kó tó fèsì.

"Stavros, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ẹnu géètì nìkan ló ti ń tàn. Mo rò pé Clem ni. Ó ń bá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí i."

Stavros yọ orí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín borí rẹ̀.

"Clem? Clem tí mo mọ̀? Kó sọ̀ kalẹ̀ ní géètì? Háà! Ṣé mi ò tẹ̀ lé yín lẹ́yìn títí nígbà tí a bá ń lọ rẹ́ irun àgùntàn ni? Bàtà ọkùnrin yẹn ò kanlẹ̀ ní géètì rí láyé. Ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ ló ń ṣí géètì, Clem ò sì jẹ́ kí ẹlòmíì wakọ̀ rí. Á jókòó bí ọba, ìwọ á máa jẹ eruku. Apá òsì yẹn, ìwọ lo ni ín, Nerida!"

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rí ojú obìnrin náà.

Òótọ́ ni. Ìdánìkanwà ti bá a pààrọ̀ ìjókòó nínú ìrántí, kò sì fura. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, apá òsì ni ó ń jókòó sí, òun ni ó ń bọ́ sílẹ̀, òun ni ó ń di géètì mú kí Clem wa ọkọ̀ kọjá.

"Ta wá ni?" ni ó bèèrè jẹ́jẹ́.

"Eruku ni." Ohùn Stavros náà ti wálẹ̀. "Eruku lásán ni. Jẹ́ n pààrọ̀ ẹ̀."

Ó jẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ìkọ́ tuntun, sẹ́ńsọ̀ tuntun. Stavros ṣí ilẹ̀kùn, iná tàn. Ó tì í, iná kú, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Nígbà tí Nerida ń padà lọ sílé, iná náà kò tàn ní géètì kankan. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, ìjókòó tó ṣófo náà wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé kò lè yí ojú sí i. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé géètì tó kẹ́yìn. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bó ti ń ṣiṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fa géètì náà sẹ́yìn.

Nígbà náà ni ó gbọ́ tí táyà ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́.

Ọkọ̀ náà ń bọ̀. Kò sáré. Ó ń rìn bí ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ bí àlàfo òpó méjèèjì ṣe fẹ̀ tó. Ọkàn Nerida sá lọ sí ibi tó mọ̀, ó ń wá ìdí: bíréèkì ti já, ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè ni ilẹ̀ ibẹ̀ dojú kọ. Ọkọ̀ kì í yí gun òkè. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó ti di géètì mú, oòrùn bo gíláàsì rẹ̀ bí aṣọ wúrà, kò sì rí inú rẹ̀. Ó dúró ní òdìkejì, ó fi àyè sílẹ̀ kí géètì lè tì.

Ilẹ̀kùn apá òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nínú òkùnkùn ọkọ̀, iná pupa náà tàn. Lọ́tẹ̀ yìí kò parọ́.

Ó wá yé e nígbà náà. Iná yẹn kò fìgbà kan sọ pé ẹnìkan ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń sọ fún un ní gbogbo ẹnu géètì ni pé kó dìde lórí ìjókòó awakọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, kó lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Họ́ọ̀nù dún lẹ́ẹ̀kan, ṣókí, bíi ti ẹni tí ara ń kán ṣùgbọ́n tí kò bínú.

Nerida wo ọ̀nà ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Eruku tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń rọra balẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀nà yẹn ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tó ń retí rẹ̀ nínú ilé. Ó ti géètì, ó so ṣéènì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì pẹ́ lórí irin tó ṣì gbóná náà.

Lẹ́yìn náà, ó rìn lọ sí apá òsì, ó sì jókòó. Ilẹ̀kùn tì jẹ́jẹ́. Iná kú.

Clem kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ bí ó bá ń wakọ̀; nítorí náà, Nerida kò sọ nǹkan kan. Ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀, ó ń wo iwájú. Níbi tí ọ̀nà ti pín, ọkọ̀ náà kò yà sí ọ̀nà ilé.